Ìbéèrè Keje

Omi ń wọ táńkì láti ẹnu páìpù méjì,
ihò kan wà nísàlẹ̀ tó ń jò ó dànù.
Wákàtí mélòó ni táńkì yóò fi kún?

Ìbéèrè keje nìyẹn, Akínyọsóyè,
bébà ìṣirò, gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa ní Òkè-Àró,
òjò oṣù Òkúdù ń lu páànù
bí ẹni ń da àgbàdo gbígbẹ sínú agbada.
O yẹ èjìká ọ̀tún díẹ̀.
Ó tó. Ojú mi wọlé.
Mo kọ gbogbo rẹ̀, n ò fi ẹyọ kan sílẹ̀:
kódà èyí tí o kọ́kọ́ ṣì,
mo kọ ọ́, mo sì fi bírò fagi lé e
níbi tí ìwọ ti fagi lé e gan-an.
Olè tó jí àṣìṣe olóhun mọ́ ẹrù!

Ìwọ ni alábòójútó mú.
Ó ní èjìká rẹ kò dúró jẹ́ẹ́.
Wọ́n dá èsì tìrẹ dúró, tèmi jáde,
bàámi pa àkùkọ,
ó ní kí n gbé itan kan lọ fún ọ̀rẹ́ mi.
Ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà.
Kò bi mí ní nǹkan kan.

N ò ní purọ́: ó ṣe mí lóore.
Àwọn tó ní ọ̀nà èrú kì í dé ibi kan
kò tí ì rí ilé mi ní Ìjàpọ̀.
Máàkì yẹn gbé mi dé yunifásítì,
yunifásítì gbé mi dé Alágbàkà,
níbi tí mo ti ń buwọ́ lu àwòrán afárá
tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn mi yà.
Ṣọlápé tó ń gba ipò kìíní
ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ní Ìdànrè,
owó oṣù rẹ̀ kò ra epo mọ́tò mi.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó tún bi mí ní ti táńkì.

Àmọ́ bí wọ́n bá gbé ìwé ìṣirò síwájú mi,
àtẹ́lẹwọ́ mi á làágùn.
Mo máa ń wò ó pẹ́, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n,
kí n tó ní, "Ó dáa."
Èjìká ẹnìkan ni mò ń wá.

Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ tó kọjá, odò Alà kún.
Afárá kékeré tí mo buwọ́ lù lẹ́yìn Ìsọlọ̀
gbé omi mì títí, ó pọ̀ ọ́ sílé onílé.
Kò sẹ́ni tó kú. Àga ń léfòó,
bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan ń léfòó.
Mo dé ibẹ̀ pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ tó ṣì ń dán,
ta ni wọ́n ti pè láti wá tún un ṣe?
Ìwọ, bíríkìlà, ewú lórí, sìmẹ́ńtì léèékánná.
O wo ẹnu afárá. O mú èédú,
o kọ nọ́ńbà mẹ́ta sára ògiri.
Lẹ́yìn náà o yẹ èjìká ọ̀tún díẹ̀.

Bóyá ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́. N kò bèèrè.

Láàárọ̀ òní, Mofiyìn ọmọ mi ní
ilé-ìwé àwọn fẹ́ gba ẹgbàá lọ́nà ogún
kí ìdánwò lè "rọrùn".
Mo ti ka owó náà sórí tábìlì.
Mo ní kó jókòó ná.
Mo ní: omi ń wọ táńkì láti ẹnu páìpù méjì,
ihò kan wà nísàlẹ̀.
Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó wò mí.
"Bàámi, ṣé ẹ̀yin mọ ìdáhùn rẹ̀?"